Àwọn Orí Tí Tíṣà Edith Kò Rí

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí agogo ilé-ẹ̀kọ́ tó lù lẹ́ẹ̀kejì, Edith Bọ́dúnrìn á ti dúró síwájú kíláàsì rẹ̀ pẹ̀lú rúlà onígi lọ́wọ́. Àwọn ọmọ á tò. Wọ́n á na ọwọ́ kí ó wo èékánná, wọ́n á ya ẹnu kí ó wo eyín, lẹ́yìn náà wọ́n á tẹ orí ba. Orí ló máa ń pẹ́ sí jù. Yóò fi etí rúlà ya irun ọmọ sọ́tùn-ún, yóò yà á sósì, kò ní fi ọwọ́ kan ọmọ rárá. Làpálàpá ló ń wá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Imùṣin ni. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje, làpálàpá gba orí òun náà, ó sì sọ̀ dé ọrùn. Ìyá rẹ̀ fá a lórí kodoro, ó ń fi ewé àsùnwọ̀n tí ó gún mọ́ ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ti ọrùn lọ. Ti orí kò lọ bọ̀rọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó bá wọn jókòó lórí ẹní kan náà fún odidi ọdún méjì. Èèyàn á rò pé ẹni tí ó jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ yóò rọra fún ọmọ ẹlòmíràn. Edith kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó dúró lọ́kàn rẹ̀ ni pé ìtìjú ló mú ìyá òun jókòó ti orí òun, pé bí kò bá sí ìtìjú, ìyá òun ì bá máa bá iṣẹ́ oko rẹ̀ lọ. Ó wá gbà pé ìtìjú jẹ́ ara oògùn.

Kò kàwé púpọ̀. Ìwé ẹ̀rí olùkọ́ onípò kẹta ló ní, ohun tí ó mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ láti inú ìwé tí ó ń yá kiri. Ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún 1968. Albert, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, ó sì ń kọ lẹ́tà sí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Kíláàsì kejì ló ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò kúrò níbẹ̀ láti ọdún 1963. Ọdún yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀.

Ìwé náà kò ju ìwé ìkọ̀wé ọmọléèwé lọ. Bí ọ̀kan bá kún, yóò ra òmíràn. Ó fa ìlà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: orí, ara, ẹsẹ̀. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń kọ orúkọ ọmọ tí ó rí àrùn náà lára rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó rí i. Bí àrùn náà bá lọ, yóò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ pé: ó san. Kò sí ẹni tí ó rán an níṣẹ́ yìí.

Ní ọdún 1971, nínú ọmọ mọ́kànlélógójì tí ó wà ní kíláàsì rẹ̀, mẹ́rìnlá ló ní làpálàpá lórí. Ó ti bẹ àwọn òbí títí. Ó ti kọ lẹ́tà. Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹwàá, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa òbìrìkìtì yí ojú làpálàpá ká lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n gbé e bẹ́ẹ̀ lọ sílé, ẹni tí ó bá nù ún nù kí ó má padà wá. Gbogbo àdúgbò rí wọn. Láti ọjọ́ náà lọ, ohun tí ó ń ṣe lọ́jọ́ Ajé nìyẹn.

Oògùn náà jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1972, orí márùn-ún péré ló kù. Ní 1975, méjì. Ní 1976, alábòójútó ẹ̀kọ́ kan wá, ó ka iye náà sókè níwájú gbogbo olùkọ́, ó ní bí òun bá rí irú obìnrin yìí mẹ́wàá, òun á máa sùn dáadáa. Kò sí ẹni tí ó tún sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún Edith mọ́ láti ìgbà náà. Ó fi gbólóhùn kan yẹn jẹun fún ọdún mẹ́wàá.

Bí orí ṣe ń mọ́ ni ó rí i pé ẹsẹ̀ ń bàjẹ́. Ní 1963, ọmọ mẹ́ta ló ń wọ bàtà wá sí kíláàsì rẹ̀. Nígbà tí ó fi di 1980, agbára káká ni a fi lè rí ẹni tí kò ní bàtà kánfáàsì. Ẹsẹ̀ tí ó ti ń fẹ́ atẹ́gùn tẹ́lẹ̀ wá ń làágùn sínú rọ́bà láti àárọ̀ di ọ̀sán, omi wá ń jẹ àwọn ọmọ láàárín ìka ẹsẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ní 1981, pé àrùn náà ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí wá sí ẹsẹ̀. Ó fẹ́ràn gbólóhùn náà, ó sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Ní 1984 ni Rose dé.

Rose Ṣóyọyè kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìjágun, wọ́n fún un ní kíláàsì kẹrin. Kò ṣe ohun burúkú kan sí Edith. Ó ń kúnlẹ̀ kí i, ó ń pè é ní Mọ̀mí. Ṣùgbọ́n owú kì í dúró de ìgbà tí a bá ṣẹ̀ ẹ́. Ti Edith bẹ̀rẹ̀ láti orí báàgì. Láàárọ̀, bí Rose bá ti yọ ní ẹnu géètì, àwọn ọmọ á sáré lọ bá a, wọ́n á máa du báàgì rẹ̀ láti gbé e. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógún tí Edith ti ń gbé báàgì tirẹ̀ wọlé. Lóòótọ́, bí ọmọ kan bá na ọwọ́ sí i, yóò ní kí ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ ná.

Lẹ́yìn báàgì, ó kan orí. Rose a máa fi ọwọ́ pa orí àwọn ọmọ bí ó bá ń kọjá láàárín wọn. Edith rí i, ó sì rò ó pé nítorí pé òun ti fọ orí wọ̀nyí mọ́ fún un ni ó ṣe rí wọn fọwọ́ pa. Lẹ́yìn orí, ó kan ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Ernest, ẹni tí kò jẹ́ gbé lẹ́tà tí ó ti ọ́fíìsì ìjọba wá fún ẹlòmíràn láti kà mọ́ àfi Rose. Nínú ìpàdé olùkọ́ kan, Edith jókòó, ó ń ka iye ìgbà tí ọ̀gá pe orúkọ Rose. Ó jẹ́ ìgbà mẹ́sàn-án. Wọ́n pe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lórí ọ̀rọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó sọnù.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di ọdún 1986, tí lẹ́tà dókítà fi dé.

Dókítà Gilbert ni orúkọ rẹ̀, dókítà awọ ara ni. Ó fẹ́ ka làpálàpá orí àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ bíi mélòó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, Òdógbolú àti àyíká wọn. Ó ní kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yan olùkọ́ kan tí yóò bá òun kà á. Wọ́n lẹ lẹ́tà náà mọ́ ara pátákó. Edith kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ orí, ọ̀rọ̀ làpálàpá, ọ̀rọ̀ kíkà: ta ni wọ́n tún fẹ́ yàn? Ní ọjọ́ Àìkú, ó lọ aṣọ rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó kó ìwé rẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sínú àpò kan, ó sì gbé e wá sí ìpàdé lọ́jọ́ Ajé.

Ọ̀gbẹ́ni Ernest kò pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní Anti Rose ni yóò ṣe é, nítorí pé fọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ náà, ìkọ̀wé rẹ̀ sì mọ́. Ó wá kọjú sí Edith, ó rẹ́rìn-ín. "Mísísì Bọ́dúnrìn, ẹ̀yin ti ṣe tiyín. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé náà sáré díẹ̀."

Gbogbo olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Edith náà rẹ́rìn-ín, eyín sì ń ro ó bí ó ṣe ń rín in. Àpò ìwé wà lórí itan rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Rose fi kà. Dókítà yá a ní kọ́ọ̀tù funfun kan, ó gùn jù ú lọ, ó ká ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ó ń lọ láti kíláàsì dé kíláàsì, ó ń fi ọwọ́ ya irun, ó ń bá àwọn ọmọ ṣeré. Nínú òjìlénígba ọmọ, orí mẹ́rin péré ló rí. Nígbà tí ó mú fọ́ọ̀mù dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹnu ya ọkùnrin náà. Ó ní ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Òdógbolú, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ kò pọ̀ ju tiwọn lọ, méjìléláàádọ́ta ni òun rí. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe.

Edith wà ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó mú rẹ́jísítà wá fi pamọ́. Ó gbọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Ernest dáhùn. Ó ní ìmọ́tótó ni, pé láti ìgbà tí Anti Rose ti dé ni nǹkan ti yí padà.

Rose wo ilẹ̀. Edith gbé rẹ́jísítà kalẹ̀ ó sì jáde. Ó ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé ẹni tí ó bá jí adìẹ ẹni, èèyàn lè sáré tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi adìẹ ẹni ta lọ́rẹ, tí ó sì wo ilẹ̀, kí ni èèyàn fẹ́ ṣe fún un?

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó lọ bá dókítà nídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó kó ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lé e lọ́wọ́. Ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni òun fẹ́. Dókítà jókòó sórí àga ọkọ̀, ó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ níta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kò kà á bí ẹni tí ń yẹ́ àgbàlagbà sí. Ó ń padà sẹ́yìn, ó ń fi ìka tọ ìlà, ó béèrè ìgbà tí kánfáàsì wọ́pọ̀, ó béèrè bóyá àwọn ọmọbìnrin ń gẹ irun wọn. Nígbà tí ó parí, ó ní òun kò rí irú èyí rí ní gbogbo agbègbè yìí, pé ọ̀pọ̀ èèyàn mọ bí àrùn ṣe rí lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ bí ó ṣe ń yí padà láti ogún ọdún wá ṣọ̀wọ́n. Ó ní òun ń kọ ìwé kan lórí rẹ̀, òun yóò sì fi iye tirẹ̀ síbẹ̀.

"Orúkọ yín yóò wà níbẹ̀, mà," ni ó wí. "Tiyín àti ti Anti Rose, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn."

Ó tún ṣàlàyé ohun kan fún un. Ó ní ìpara kì í wọ ibi tí irun ti ń hù, ìdí nìyẹn tí làpálàpá orí kì í fi í gbọ́ ti ewé tàbí ìpara. Oògùn oníhóró ló ń lé e, ọmọ á máa gbé e mì lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Òun ní in, kò pọ̀. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú àkọsílẹ̀ ni òun yóò fún. Ọjọ́ Ẹtì ni òun yóò pa àkọsílẹ̀ dé, ohun tí ó bá kù, òun á gbé e lọ sí ìlú mìíràn, òun kò sì ní padà wá.

Edith gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó délé, gbólóhùn kan ló ń tẹ̀ lé e káàkiri láti ìdí ààrò dé ẹnu ọ̀nà: lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Iṣẹ́ ọdún mẹ́tàlélógún àti iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ó wá rò ó pé ọmọdé tí ó kà á ní ìkánjú bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìṣe àṣìṣe. Bí òun bá rí orí kan ṣoṣo tí Rose fò, orúkọ kan ṣoṣo ni yóò kù.

Ọjọ́bọ̀ bọ́ sí i fún un. Dókítà wá fi ọkọ̀ gbé Rose lọ sí Òdógbolú láti lọ wo fọ́ọ̀mù ibẹ̀. Edith dúró lójú fèrèsé títí ọkọ̀ náà fi kọjá géètì. Rose jókòó níwájú. Nígbà tí agogo ìparí lù, ó lọ sí kíláàsì kẹrin, kíláàsì Rose, ó ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sílé.

Wọ́n jẹ́ mẹ́rìndínlógójì. Ọmọ karùn-ún lórí ìlà ni Fàtímọ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí orí rẹ̀ ń dán. Bí Edith ṣe fa rúlà kúrò, ó rí i pé etí rúlà náà dúdú, òróró sì kán sí apá aṣọ òun. Ó wò ó. Ó bu omi sí áńkáṣíìfù rẹ̀, ó di orí ọmọ náà mú, ó nù ún. Áńkáṣíìfù dúdú bí èèdú. Ó tún nù ún. Lábẹ́ rẹ̀ ni ó ti rí i, ó tóbi tó ìdérí ìgò, ó rí róbótó, ó funfun, èépá bò ó, irun ibẹ̀ sì kán kúkúrú bí oko tí iná jó.

Ó nu ẹni tí ó tẹ̀ lé e. Ó nu gbogbo wọn. Nígbà tí ó fi dé ìparí ìlà, orí mọ́kànlá ni ó rí, tí kò sí ọ̀kan nínú wọn lórí fọ́ọ̀mù Rose.

A kò gbọdọ̀ pa irọ́: inú rẹ̀ dùn. Ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí àwọn yòókù máa lọ, ó dá Fàtímọ̀ dúró, ó béèrè ẹni tí ó kun nǹkan yìí sí i lórí.

"Màmá mi ni, mà. Tìróò ni, wọ́n pò ó mọ́ àdí."

"Níbo ni ìyá rẹ ti kọ́ ọ?"

Ọmọ náà wo rúlà. "Màmá àgbà ni. Wọ́n ní nígbà tí màmá mi wà ní kíláàsì yín ni wọ́n ti ń fi kùn wọ́n lórí, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ má baà rí i."

Edith béèrè orúkọ ìyá rẹ̀. Ó ní Mùínátù.

Ó rántí rẹ̀: ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà náà, ó pẹ́ kí wọ́n tó fi í sí ilé-ẹ̀kọ́. Kò nílò láti ṣí ìwé, ṣùgbọ́n ó ṣí i. Mùínátù, orí, oṣù kẹwàá, 1971. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oṣù kìíní, 1972: ó san. Lábẹ́ rẹ̀, orúkọ mẹ́jọ mìíràn, oṣù kan náà: ó san, ó san, ó san.

Mùínátù ń ránṣọ ní Pórógun, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí ó dojú kọ títì. Nígbà tí ó rí Edith, ó dìde lórí máṣíìnì, ó kúnlẹ̀, ó gbé àpótí fún un. Edith kò jókòó. Ó béèrè bóyá orí Mùínátù san ní ọdún 1972.

Mùínátù kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Lẹ́yìn náà ó rí ojú rẹ̀. "Kò san, Tíṣà. Ìgbà tí mo balágà ló lọ fúnra rẹ̀."

"Mo wo orí rẹ láràárọ̀ ọjọ́ Ajé."

"Ẹ wò ó, mà. Ẹ tilẹ̀ máa ń yìn wá pé orí wa ń dán." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé e mì. "Ọjọ́ tí ẹ fa ṣọ́ọ̀kì sí mi lórí, ẹ̀yìn ọjà Òkè-Àjẹ ni mo gbà délé kí wọ́n má baà rí mi, wọ́n ṣì rí mi. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni ìyá mi po tìróò. Kì í ṣe èmi nìkan. Àwọn ọmọ ilé Àbúdù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwọn ọmọ ìjọ yín náà, ilé wa ni wọ́n ti ń wá kùn ún, bí ẹni tí ń múra ìyàwó."

Edith béèrè ìdí tí kò sí ẹnì kan tí ó sọ fún òun.

"Ká sọ fún ta, Tíṣà? Fún ẹ̀yin tí ẹ mú rúlà dání?" Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó tún ohùn rẹ̀ ṣe. "Ẹ má bínú sí Fàtímọ̀. Èmi ni mo ní kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ìtìjú yẹn, mi ò fẹ́ kí ó jẹ ẹ́."

Edith rìn padà sílé. Ó jókòó, ó to orúkọ mọ́kànlá náà sórí ìwé mímọ́ kan, ó sì fara balẹ̀ ro ohun tí yóò ṣe. Kò ṣòro. Yóò fún dókítà ní orúkọ mọ́kànlá, kò ní sọ bí wọ́n ṣe pẹ́ tó tí wọ́n ti ń kùn ún. Àwọn ọmọ náà á rí oògùn. Rose á ṣubú. Ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán á dúró. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ yàtọ̀ sí tẹ́lọ̀ kan ní Pórógun.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn mẹ́rin ló wà ní ọ́fíìsì: dókítà, Ọ̀gbẹ́ni Ernest, Rose àti òun. Ó fi ìwé náà sórí tábìlì. Dókítà kà á, ó jáde lọ, ó pe ọmọ méjì nínú wọn tí wọ́n ti tún kùn lórí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó nu orí wọn fúnra rẹ̀, ó padà wọlé. Ó fi áńkáṣíìfù dúdú hàn wọ́n.

Ojú Rose yí padà. "Mo wo gbogbo wọn, sà," ni ó wí. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wò wọ́n. Mo rò pé òróró irun ló ń fi dúdú kùn mí lọ́wọ́." Omi lé sí i lójú. Ọ̀gbẹ́ni Ernest ń wò ó bí a ṣe ń wo ọmọ tí ó fọ́ àwo àlejò.

Dókítà kò bá a wí. Ó kàn fa fọ́ọ̀mù sọ́dọ̀, ó mú bírò, ó fi ìlà pa orúkọ Rose rẹ́. Ó ní ìwé Màmá ni òun á gbára lé, ó yẹ kí òun ti mọ̀. Ohun tí Edith fẹ́ láti ọdún méjì wá nìyẹn, ojú rẹ̀ ló ṣe é. Ó dùn mọ́ ọn. Ó wo ọrùn Rose tí ó tẹ̀ ba, ó sì dùn mọ́ ọn sí i.

Dókítà wá ń ṣírò sókè. Mẹ́rin àti mọ́kànlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ní kíláàsì kẹrin ni àṣìṣe ti wọlé, kíláàsì márùn-ún yòókù bá ohun tí ìwé Màmá ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ mu, kò sí ìdí láti tún wọn kà. Oògùn ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òun á fi sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa fáìlì dé.

Edith ronú kan kíláàsì tirẹ̀. Ọmọ méjìdínlógójì. Ní ọjọ́ Ajé tí ó kọjá, gbogbo orí wọn ń dán.

"Ẹ má tíì pa á dé," ni ó wí.

Wọ́n kọjú sí i. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń ka ìwé fún ọmọ kíláàsì kejì, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé ìkejì.

"Ìwé mi kò tọ́. Láti ọdún 1972 ni kò ti tọ́. Ibi tí mo kọ pé orí san, kò san, wọ́n kùn ún ni. Wọ́n ń kùn ún nítorí mi. Ẹ tún gbogbo wọn kà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì mi."

Ọ̀gbẹ́ni Ernest wúkọ́, ó ní bóyá ó ti rẹ Mísísì Bọ́dúnrìn. Edith ní kò rẹ òun. Dókítà wo ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí ìgò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó béèrè ti ẹsẹ̀ ńkọ́.

"Ti ẹsẹ̀ tọ́," ni Edith wí. "Kò sí ẹni tí ń kun ẹsẹ̀."

Wọ́n gbé bàsíà mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Edith ní òun ni yóò fọ orí wọn, pé òun ló yẹ. Dókítà ń wò wọ́n lẹ́yìn tí ó bá ti fọ̀ wọ́n tán, Rose sì ń kọ orúkọ, nítorí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ ọ́, ìkọ̀wé rẹ̀ sì mọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì kọ́kọ́ ń sá fún Edith. Wọ́n kò mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí lára. Omi bàsíà ń dúdú, wọ́n ń dà á nù, wọ́n ń pọn òmíràn. Nínú kíláàsì rẹ̀ nìkan, orí mẹ́rìnlá. Nígbà tí oòrùn fi rọ̀, ó ti di mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó kù díẹ̀ kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tán, oògùn sì tó wọn.

Rose sún mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra ní, "Ẹ ṣé, Mọ̀mí." Edith kò wò ó. Kì í ṣe nítorí rẹ̀ ni òun ṣe sọ ọ́, kò sì fẹ́ kí ó rò bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ó kọ orúkọ Fàtímọ̀ dáadáa, pé ó ti gbàgbé àmì ohùn orí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà dókítà pe Rose sídìí ọkọ̀ kí wọ́n jọ yẹ fọ́ọ̀mù wò. Edith rí i tí dókítà tún orúkọ Rose kọ sí ibi tí ó ti fa ìlà sí. Ó gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín nǹkan kan, ẹ̀rín àwọn tí iṣẹ́ wọn yọrí. Ó dùn ún gidigidi, ó dùn ún bí ó ṣe ń dùn ún ní ọdún méjì sẹ́yìn, kò dín. Ọmọ mẹ́rin ló kù lórí ìlà. Ó da omi inú bàsíà nù, ó bu òmíràn, ó sì pe ẹni tó kàn.